Ẹ̀gẹ́ Iye Mi Lẹ́nu Géètì

Ní ọ́fíìsì wa, àdúrà òwúrọ̀ la fi ń mọ ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí á rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà. Láàárọ̀, kí jẹnẹrétọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gbogbo wa á pé jọ sí yàrá tí a ti ń gba àlejò, a ó dúró yípo, máníjà á sì dúró láàárín pẹ̀lú Bíbélì ńlá rẹ̀. A ó kọ orin kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà ni yóò dijú, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, tí àwa náà ó sì máa tẹ́tí bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Bó bá ní kí Ọlọ́run tú àṣírí àwọn tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́, a mọ̀ pé mẹ́gáádì ló ń bá wí. Bó bá ní kí Ọlọ́run gba ilé-iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹ̀mí àìsàn tí kì í tán, a mọ̀ pé ọmọbìnrin tó tọrọ àyè láti lọ sí ọsibítù lánàá ni. A ó sì ṣe àmín. Àmín náà gbọ́dọ̀ dún dáadáa, torí ó máa ń la ojú kan díẹ̀ láti wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò mì.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ, Mùsùlùmí ni. Òun náà ń dúró yípo pẹ̀lú wa, títí kan inú oṣù ààwẹ̀. Ó béèrè nígbà kan bóyá òun lè máa wọlé lẹ́yìn tí a bá parí àdúrà. Ní ọjọ́ kejì, a gbàdúrà lórí àwọn tó fẹ́ pín ilé sí méjì. Kò tún béèrè mọ́.

Ojú ọ̀nà tó lọ láti Ore sí Odigbo ni ilé-iṣẹ́ náà wà. Ẹ̀gẹ́ la máa ń rà lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí a ó bó, tí a ó lọ̀, tí a ó sì sọ di ìyẹ̀fun fún àwọn oníbúrẹ́dì Èkó. Iṣẹ́ tèmi ni láti wọn ẹrù tó bá dé, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì kí àwọn àgbẹ̀ dáadáa kí wọ́n lè padà wá. Mo ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mo sì ti jókòó sílé títí ojú fi ń tì mí kí n tó rí iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ Àìkú tí mo kọ́kọ́ lọ sílé lẹ́yìn tí wọ́n gbà mí, wọ́n pè mí síwájú ìjọ ní Ajue, àwọn ìyá ìjọ sì jó yí mi ká. Iye tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ní kí n rìn lórí rẹ̀ kọjá.

Iye tí mò ń wí yìí, àbúrò ìyá mi ni. Ìyá mi kú nígbà tí mi ò tíì gbọ́n, òun ló gbà mí tọ́, bí a sì ṣe ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa ní Ìkálẹ̀ ni mo ń pè é. Kò bí ọmọ kankan fúnra rẹ̀. Èmi nìkan ni gbogbo ọmọ tó ní, kò sì sí ẹni tí kò tíì fi mí yangàn fún láti Ajue títí dé Ago Alaye.

Kí n tó dé ọ̀rọ̀ Iye, ẹ jẹ́ kí n sọ bí géètì wa ṣe ń ṣí. Máníjà wa kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ó ní wọ́n lè yí ìwé, wọ́n sì lè fara wé ìbuwọ́lù òun, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè jí ohùn òun lò. Nítorí náà, ó fi òfin lélẹ̀ pé ọkọ̀ ẹlẹ́rù kankan kò gbọ́dọ̀ wọlé, kò sì gbọ́dọ̀ jáde, àfi bí mẹ́gáádì bá gbọ́ ohùn òun lórí fóònù. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò tó. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sórí Wásáàpù kò tó. Ohùn rẹ̀ gan-an ni, lójú ẹsẹ̀, kó ní, “Ṣí i.” Bó bá tilẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí géètì, tó ń wo lọ́rì náà kòrókòró, mẹ́gáádì á ṣì pè é lórí fóònù, máníjà á gbé e, á ní, “Ṣí i,” á sì pa á. Ọ̀rọ̀ náà máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, inú ikùn mi ni mo sì ti ń rẹ́rìn-ín náà.

Obìnrin kan wà tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ nígbà yẹn, ọlọ́yàyà ẹ̀dá kan báyìí. Ní ọjọ́ kan òjò ṣú, ọkọ̀ tó kó àpò tuntun wá fún wa dúró síta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ti lọ. Kí àpò má baà tutù, obìnrin yìí ní kí mẹ́gáádì ṣí géètì, òun á dáhùn bí wọ́n bá béèrè. Máníjà kò bá a wí lọ́jọ́ náà. Ó tilẹ̀ kí i kú iṣẹ́. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ka ìtàn Kórà àti àwọn tí ilẹ̀ la ẹnu gbé mì, ó wá ní kí a na ọwọ́ sí arábìnrin wa, kí a gbàdúrà fún un níbi tuntun tí Ọlọ́run ń gbé e lọ. Òun náà ń ṣe àmín pẹ̀lú wa lákọ̀ọ́kọ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé e pé òun ni wọ́n ń lé. Mo rí bí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó gbé sókè ṣe ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó ń ṣe ohun tí wọn ò rán an nínú wa. Tí omi bá ń jò láti inú páìpù, a ó dúró tì í, a ó máa pe máníjà. A kò sì fọkàn tán ara wa mọ́. Ohun téèyàn bá sọ nídìí oúnjẹ ọ̀sán, ó máa ń dé inú àdúrà àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì sẹ́ni tó mọ ẹni tó ń gbé e lọ. Èmi ń fura sí Àǹtí akáńtì, ìyẹn obìnrin tó ń bójú tó ìṣirò owó, torí òun ló jókòó sún mọ́ ilẹ̀kùn máníjà jù. Mo gbọ́ lẹ́yìn ọ̀rẹyìn pé èmi ni òun náà ń fura sí. Nítorí náà, nígbà tó yá, a kì í bá ara wa sọ nǹkan kan ju bí oòrùn ṣe ń mú lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló wá dé tí mi ò kúrò níbẹ̀. Ẹ wá sí ìkóríta Ore kí ẹ wo àwọn tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ èrò pẹ̀lú omi inú ọ̀rá àti búrẹ́dì. Ẹ bi wọ́n léèrè ìwé tí wọ́n kà. Èmi ti bi wọ́n.

Èmi ni mo ní kí Iye gbin ẹ̀gẹ́ fún ilé-iṣẹ́ wa. Páánù orí ilé rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti lu ihò káàkiri, bí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, abọ́ ló máa ń tò yí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ká. Kòkó rẹ̀ ti gbó, kò so dáadáa mọ́. Mo sọ fún un pé ilé-iṣẹ́ ń fún àgbẹ̀ ní igi ẹ̀gẹ́ tuntun, pé ó ń ta dáadáa, pé èmi fúnra mi ni n ó wọ̀n ọ́n bó bá dé. Ó ní, “Bí wẹ́ẹ̀ ṣe wí náà ni,” ìyẹn, bí ìwọ ṣe wí náà ni. Bó ṣe máa ń dáhùn nìyẹn bí mo bá ti sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kàwé. Ó ṣán ilẹ̀ etí odò tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀ fún un, ilẹ̀ tó jẹ́ pé kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó sì gbin ẹ̀gẹ́ náà sí i kún. Ẹ̀gẹ́ yìí kì í ṣe irú èyí tí a máa ń gbìn nílé. Omi pọ̀ nínú rẹ̀, kò dára fún gàrí, kò dára fún fùfú. Ìyẹ̀fun nìkan ló wà fún.

Nígbà tó gbó, mo lọ bá máníjà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ tó tutù bí inú fìríìjì, mo ṣàlàyé pé ìyá mi ni, pé ó fẹ́ kó ẹ̀gẹ́ wá. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà. Ó ní kò burú, kó kó o wá ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó fún mi ní ilẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí Iye nípasẹ̀ ọlọ́kadà kan. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n hú u, torí Iye kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọkọ́ ní ọjọ́ Àìkú, ó sì háyà lọ́rì kan láti Ore tí yóò wá kó o ní ìdájí ọjọ́ Ajé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé náà, Àǹtí akáńtì ló dúró láàárín wa pẹ̀lú Bíbélì kékeré. Ó ní máníjà ti lọ sórí òkè àdúrà láti ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó ti pa fóònù rẹ̀, ó di Ọjọ́rú kó tó sọ̀kalẹ̀. Ó ní máníjà ní kí a máa fi òun sínú àdúrà. Mo ń pe nọ́mbà Iye lábẹ́ aṣọ mi bí wọ́n ṣe ń kọrin lọ́wọ́. Kò wọlé. Ní Ajue, àfi kéèyàn gun ibi gíga tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Iye sì ti wà lójú ọ̀nà nígbà yẹn.

Oòrùn ti ń mú nígbà tí mo gbọ́ fèrè lọ́rì. Mo jáde. Iye jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà, ó wọ bùbá àti ìró tó fi máa ń lọ gba oúnjẹ Olúwa. Bó ṣe rí mi, ó juwọ́, ó sì sọ nǹkan kan fún dẹ́rẹ́bà, dẹ́rẹ́bà náà rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí mi. Wọ́n rò pé géètì á ṣí torí pé wọ́n ti rí mi.

Mẹ́gáádì wa jù mí lọ gan-an. Ó ti ní ọmọ-ọmọ, Bàbá ni mo ń pè é. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹrù ìyá mi nìyí, máníjà mọ̀ sí i.” Ó ní òun gbà mí gbọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn wọn. Ó pe nọ́mbà náà lójú mi, a jọ gbọ́ obìnrin inú fóònù tó ń sọ pé wọ́n ti pa á. Ó tún un pè. Ó ń pè é títí di ọ̀sán, ẹni ire ni, kò dákẹ́. Àmọ́ kò kan kọ́kọ́rọ́.

Mo lọ bá Àǹtí akáńtì. Mo kúnlẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ni, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ọ́fíìsì. Mo ní òun ni máníjà fi sípò. Ó wo ẹnu ọ̀nà kó tó dá mi lóhùn. Ó ní, “Àdúrà ni wọ́n ní kí n máa darí. Wọn ò ní kí n darí géètì.” Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ní ọmọ mẹ́ta, kí n má ṣe jẹ́ kí wọ́n na ọwọ́ sí òun láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo mọ ohun tó ń sọ. Mo dìde.

Mo pe àwọn ọ̀gá ní Èkó. Ọkùnrin tó gbé fóònù béèrè ohun tí máníjà mi sọ. Mo ní máníjà mi kò sí. Ó ní kí n dúró títí yóò fi dé, kí n gba ohùn rẹ̀. Ó kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì pa fóònù.

Ohun tó ń bí mi nínú jù títí di òní ni pé kò sí ẹ̀gẹ́ kankan nínú ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ jókòó sórí páálí, wọ́n ń ta ayò lórí fóònù. Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ ti mú ọ̀bẹ wọn wá, wọ́n ti dè é mọ́ aṣọ, wọ́n sì ń di irun ara wọn. Ògiri kan péré ló wà láàárín àwọn tí kò rí iṣẹ́ ṣe àti iṣẹ́ tó ń jẹrà. Gbogbo wa la rí i. Kò sí ẹni tí kò rí i. Bí mo bá kígbe, wọ́n á bá mi kẹ́dùn, torí wọ́n fẹ́ràn mi, àmọ́ kò sí ẹni tí yóò dìde.

Iye jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lódì kejì títì. Mo gbé omi àti búrẹ́dì lọ fún un. Mo ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, mo ń wo ilẹ̀. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó béèrè pé ṣé máníjà náà ò ní igbákejì ni. Mo ní ó ní. Ó ní kí wá ni iṣẹ́ igbákejì. Ó bu búrẹ́dì náà jẹ, ó ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n má baà wá mi. Nígbà tí obìnrin kan tó ń ta àgbàdo sísun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ béèrè ẹni tó ń dúró dè, mo gbọ́ tí Iye ní, “Ọmọ mi ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn. Wọ́n ń tún ibi tí wọn máa dà á sí ṣe ni.”

Ó sùn sí yàrá tí mo háyà ní Ore lálẹ́ ọjọ́ náà, dẹ́rẹ́bà sì sùn sínú lọ́rì pẹ̀lú ìbínú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo purọ́ pé inú ń run mí, mo gun ọ̀kadà lọ bá àwọn tó ń yan gàrí lẹ́yìn ọjà. Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ti kún ọwọ́ àwọn, àsìkò rẹ̀ nìyí. Ọ̀kan nínú wọn tẹ̀lé mi wá wò ó, ó ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì, omi ń ṣàn jáde nínú rẹ̀, ó mi orí. Ó bu apẹ̀rẹ̀ díẹ̀ nítorí àánú, ìyẹn ni mo mọ̀. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ti ń yọ ilà dúdú nínú, lọ́rì náà sì ti ń rùn. Àwọn eṣinṣin ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Máníjà dé lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Ara rẹ̀ yá gágá, òróró ṣì ń dán níwájú orí rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì, ó fi ọwọ́ bo imú, ó ní ta ló kó ìdọ̀tí wá síwájú ilé-iṣẹ́ òun. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rán an létí pé òun ló ní kí ìyá mi kó ẹ̀gẹ́ wá lọ́jọ́ Ajé. Iye ti dìde lábẹ́ igi, ó ti sọdá títì, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́yìn mi. Ó ju máníjà lọ, ó lè bí i. Ó ní, “Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ kú àdúrà.”

Máníjà kò wò ó. Èmi ló wò. Ó ní, “Ẹ̀gẹ́ ni mo ní kí o mú wá. Mi ò ní kí o mú èyí wá.”

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò jọ láti ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ gidi, tí mo ti ń sọ fún ògiri yàrá mi, gbogbo rẹ̀ kúrò lẹ́nu mi. Ohun tí mo gbọ́ tí mo ń sọ ni, “Ẹ má bínú, sà.” Iye ló fà mí láṣọ láti ẹ̀yìn. Ó sọ ọ́ ní Ìkálẹ̀ kí máníjà má baà gbọ́, pé kí n jẹ́ kí òun máa lọ, pé ẹ̀gẹ́ a máa tún hù, pé kí n má jẹ́ kí wọ́n lé mi nítorí òun. Ó gun lọ́rì náà pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó ti rún. Wọ́n lọ da ẹ̀gẹ́ náà sínú igbó lójú ọ̀nà Ago Alaye, mo sì gbọ́ pé àwọn olówó ewúrẹ́ ṣa díẹ̀ níbẹ̀.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, a dúró yípo. Máníjà dúpẹ́ fún ohun tó rí lórí òkè. Lẹ́yìn náà ló bẹ Ọlọ́run pé kó la ojú àwọn tó ń fi ilé-iṣẹ́ bọ́ ẹbí wọn, kó sì bá ẹ̀mí ìmẹ́lẹ́ wí, èyí tó mú kí ẹ̀rọ dúró fún odidi ọjọ́ mẹ́ta láì lọ nǹkan kan. Mo dijú. Mo gbọ́ àmín Àǹtí akáńtì, mo gbọ́ ti Bàbá mẹ́gáádì láti ẹnu ọ̀nà, mo gbọ́ ti arákùnrin ìdí ẹ̀rọ. Mo gbọ́ tèmi náà. Ó dún dáadáa.

Ó pẹ́ kí n tó lè lọ sí Ajue. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo mọ̀ pé ẹnu ìlú á ti gbé e, pé wọ́n á máa wí pé ọmọ tí Iye ń fi yangàn kò lè ṣí géètì fún un. Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ sí mi pé ìkórè ìjọ ń bọ̀ o, kí n wá. Mo lọ. Mo rí i láti òkèèrè pé òrùlé náà ṣì wà bó ṣe wà, wọ́n kàn ta tápólìn aláwọ̀ búlúù lé e, wọ́n fi òkúta di etí rẹ̀ mú.

Bí a ṣe jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn yí mi ká. Mo ti múra sílẹ̀ láti gbọ́ èébú. Bàbá kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Iye di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní mo kú làálàá, Iye ti ròyìn fún wọn bí lọ́rì ṣe bà jẹ́ lójú ọ̀nà tí ẹ̀gẹ́ fi jẹrà, bí mo ṣe ń sáré kiri Ore láti wá mẹkáníìkì, tí mo tilẹ̀ mú máníjà wá wò ó. Ó ní irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ó ní bí wọ́n ṣe gbọ́ ni òun àti àwọn méjì mìíràn lọ bá Iye, wọ́n ṣẹ́ igi ẹ̀gẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti gbìn ín. Ó ní lọ́rì tó lágbára ni àwọn máa háyà tiwọn. Ó ní lẹ́yìn èyí, ọwọ́ mi ni ìyókù kù sí.

Mo ní, “Bàbá, ẹ gbọ́.” Mo fẹ́ sọ ọ́. Iye ti dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní oúnjẹ ti ń tutù, ó sì fà mí lọ níwájú wọn bí ọmọ kékeré.

Nígbà tó ku àwa méjì, mo bínú sí i. Èmi tí mi ò lè bínú sí máníjà, Iye ni mo bínú sí. Mo ní kí ló dé tó purọ́. Ó ń bu ọbẹ̀ sínú àwo mi, kò gbójú sókè. Ó ní, “Láti kékeré rẹ ni mo ti ń fi ẹnu yìí ròyìn rẹ fún wọn. Ṣé ẹnu yìí náà ni kí n wá fi bà ọ́ jẹ́?”

Mo ní, “Iye, ẹ̀gẹ́ àwọn èèyàn yìí ńkọ́?”

Ó nu etí àwo náà, ó gbé e síwájú mi. Ó wá ní, “Bóyá máníjà yín á wà nílé lọ́jọ́ yẹn.”

Ní ọjọ́ kejì, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo gun ọ̀kadà padà sí Ore. Ọmọ ibòmíràn ni ọlọ́kadà náà, kò mọ̀ mí rí. Bí a ṣe kọjá létí odò, mo rí ẹ̀gẹ́ náà, ó ti ga ju orúnkún lọ, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, ó gba ilẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀lé ara wọn. Ọlọ́kadà dín eré kù kí n lè rí i dáadáa. Ó ní ẹ̀gẹ́ ilé-iṣẹ́ ni, kì í ṣe ti gàrí. Ó ní òun náà ń wá igi rẹ̀, torí wọ́n ní ọmọ Ajue kan wà níbẹ̀, ẹni ńlá ni, òun ló ń ṣí géètì fún wọn.

Mo ní kó jọ̀ọ́ kó máa wo ọ̀nà, kí n má pẹ́ dé àdúrà òwúrọ̀.